Epo Tó Kàn Mí

Ẹnu mi ló kó bá màámi. Ìjọba sójà ló wà lóde, ní nǹkan bí ọdún 1994 tàbí 1995, epo òyìnbó sì wọ́n bí ojú n'Íbàdàn. Sítóòfù wa ti gbẹ. Igi ni màámi fi ń dáná lẹ́yìn ilé wa l'Ágbowó, èéfín ń ta wọ́n lójú débi pé omi kì í gbẹ níbẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ rán èmi tíṣà físíìsì lọ ṣe kọ́ọ̀sì nílùú òyìnbó, nínú bàálù ńlá.

"Kí ni bàálù ń mu?" Màámi bi mí lọ́jọ́ kan tí à ń jẹun.

Ká ní mo dákẹ́ ni. Ṣùgbọ́n tíṣà ò kúkú mọ ìdákẹ́. Mo ní epo òyìnbó ni, irú èyí tí à ń wá kiri, wọ́n kàn sẹ́ ẹ mọ́ ju tiwa lọ ni. Mo ní èyí tó ń mu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo àdúgbò wa ò ní fi dáná tán bọ̀rọ̀. Mo tún ní epo yẹn wúwo débi pé bàálù ń jó epo torí àtigbé epo.

"Ṣé kò ní kó wọn sí gbèsè?"

"Èrò ni wọ́n ń kó kún un, Màámi. Tó bá ti kún, epo tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ò ní pọ̀ mọ́."

"Hẹn," ni wọ́n wí, wọ́n ń bá oúnjẹ wọn lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ń lọ, takisí ti dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí màámi gbé kẹ́ẹ̀gì epo òyìnbó kan jáde. Ó kún dé ọrùn. Bódìjà ni wọ́n ti lọ tò fún un, láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

"Èyí tó kàn ẹ́ rèé," ni wọ́n wí. "Má jẹ̀ẹ́ kí ojú tì ẹ́ láàárín ẹgbẹ́ ẹ."

Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín o. Bí ọkọ̀ ìjọ wọn bá ń lọ ìsọjí nígbà náà, oníkálukú ló ń mú epo tó kàn án wá.

Mo ní, "Màámi, àwọn oníbàálù ní epo tiwọn. Ó ti wà nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi dáná."

Wọ́n ní kí n má ṣahun, pé ẹni tó bá ń sọ pé òun ní epo ni epo ń tán mọ́ lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Wọ́n ti gbé e sí búùtù, wọ́n ti ń gbàdúrà, dírẹ́bà ń tẹ hóònù. Mo wọ ọkọ̀, mo jókòó.

Kí a tó dé Challenge, ọkàn mi ti ń dá mi lẹ́bi. Mo ní ká yí padà, dírẹ́bà ní bàálù á fi mí sílẹ̀. Mo wá bẹ̀ ẹ́ pé tó bá ti já mi sílẹ̀, kó dá kẹ́ẹ̀gì náà padà fún màámi. Ó ní kò sí wàhálà. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ gbígbóná síwájú mi nínú bàálù, mo ní kí wọ́n gbé e padà.

Nígbà tí mo padà dé, ẹ̀yìn ilé ni mo bá wọn, wọ́n ń fẹ́ná igi, omi ń dà lójú wọn. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Epo yẹn," ni wọ́n wí, "ṣé ó tó wọn?"

Mi ò lè gbójú sókè. "Ó tó wọn, Màámi."

"A dúpẹ́," ni wọ́n wí, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ mọ́ iná wọn.