Ọdún Kan Tí Bàbá Mi Fi Ń Kúrò Nínú Ẹgbẹ́

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú wa ní Bìní. N kò du ipò náà. Wọ́n ní nínú àwa tí a kéré níbẹ̀, èmi nìkan ni mo lè kọ Yorùbá tí àgbà á sì rí i kà. Bí ìpàdé ọjọ́ náà ṣe parí nìyẹn tí bírò fi wà lọ́wọ́ mi. Iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe, ó sì ti mọ́ mi lára kí n máa kọ ohun tí èèyàn wí sílẹ̀ láìfi tèmi kún un. Ìdí nìyẹn tí àkọsílẹ̀ ọjọ́ tí ìjà Nìjẹ̀ bẹ̀rẹ̀ fi kúrú. Mo kọ ọ́ pé: "A sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ohun tó ń lọ láyé. Àwọn àgbà méjì kò fi bẹ́ẹ̀ gbà fún ara wọn. Àga kan ṣẹ́."

Àwọn àgbà méjì náà ni bàbá mi àti Tíṣà. Bàbá mi ń ta páàtì mọ́tò ní Uselu, níbi tí wọ́n bí gbogbo wa sí. Tíṣà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ó ń gbé ní Ugbor. Mọ́tò kan náà ló gbé àwọn méjèèjì wá sí Bìní nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, àwọn ni wọ́n sì jọ dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, n kò rí i kí wọ́n jà. Wọn kò jà lórí ilẹ̀, wọn kò jà lórí ìbò, wọn kò jà lórí ìjọ tí kálukú ń lọ. Nìjẹ̀ ni wọ́n wá jà lé lórí. Kò sí èyí tó dé Nìjẹ̀ rí nínú àwọn méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ náà ni pé Nìjẹ̀, aládùúgbò wa lókè Sókótó lọ́hùn-ún, pẹ̀lú Málì àti Bùrùkínà Fasò, kéde pé àwọn ti kúrò nínú ẹgbẹ́ tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dá sílẹ̀ kí ọjà àti èèyàn lè máa kọjá ní bodè láìsí wàhálà. Sójà ló ń ṣèjọba ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òfin ẹgbẹ́ náà sọ pé ẹni tó bá fẹ́ kúrò gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn yòókù ní ọdún kan ṣáájú. Àwọn sójà ní ọdún kan wo, ojú ẹsẹ̀ ni àwọn kúrò.

Bàbá mi ní wọ́n káre. "A ti bodè mọ́ wọn, a já iná wọn, a tún ní à ń gbé ogun bọ̀. Kí ni kí wọ́n tún dúró ṣe? Àjọjẹ ò dùn bẹ́nìkan ò ní!"

Mo wo gílóòbù tó wà lókè orí wa, nílé ọmọ ẹgbẹ́ tó gbà wá lálejò lóṣù náà ní Uselu. Ọjọ́ kẹrin nìyẹn tí Uselu ti ríná kẹ́yìn. N kò mọ ẹgbẹ́ tí àwa kúrò nínú rẹ̀ tí wọ́n fi já tiwa.

Tíṣà ní, "Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹni tó bá wọ ẹgbẹ́, òfin ẹgbẹ́ ló wọ̀. Kí wọ́n jẹ́ kí ọdún kan pé, kí wọ́n tó máa lọ. Èèyàn kì í fìbínú jáde nílé bí ọmọ tí wọ́n nà."

"Ìwọ náà kúkú mọ̀ pé wọ́n nà wọ́n."

"Kò dùn lẹ́nu ni? Ìwọ náà kúrò nínú ẹgbẹ́ tiwa, ká wò ó!"

Bàbá mi dìde. Ibi tí ó ti ń dìde ni àga ti ṣẹ́. Ó mú màmá mi lọ́wọ́, wọ́n jáde, ìpàdé sì parí láìsí àdúrà ìparí, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ó wọ kẹ̀kẹ́ láti Uselu wá bá mi nílé ní Ugbowo, ó mú lẹ́tà wá nínú àpò ìwé. Bẹ́ẹ̀ èmi náà ń lọ kí wọn ní Sátidé. Mo ní kó jókòó, ó ní òun kò wá sọ́dọ̀ ọmọ òun, ọ̀dọ̀ akọ̀wé ni òun wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí mo fi fọwọ́ sí i pé mo gbà á. Lẹ́yìn náà ló wá wọlé, ó bi mí bóyá ọbẹ̀ wà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti di tèmi ni ọ̀dọ̀ màmá mi. Lọ́dún tó ṣáájú, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù wọ́n. Ẹsẹ̀ wọn padà bọ̀ sípò, ọwọ́ padà, ẹnu náà padà, ṣùgbọ́n Yorùbá nìkan ló bá ẹnu padà. Obìnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ta gààrí fún àwọn ará Uselu, tó ń fi èdè Bìní ná ọjà, tó ń fi Píjìnnì bá awakọ̀ jà, jí ní ọsibítù, kò sì rántí ẹyọ ọ̀kan nínú méjèèjì. Yorùbá tó kù gan-an, ó ti já jálajàla. Dókítà ní ká rí i pé wọ́n ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ dáadáa, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí wọn kò bá lò, ó lè lọ pátápátá.

Ta ni wọn yóò bá sọ ọ́? Àwọn ọmọbìnrin mi méjèèjì gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n bí Màmá bá bi wọ́n pé ṣé wọ́n ti jẹun, wọ́n á ní, "Grandma, we don chop." Màmá á rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wọn bí èèyàn ṣe ń rẹ́rìn-ín sí àlejò. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ ní ìjọ wọn. Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ nílé, iyàn nìkan ló mọ̀ ọ́n jà. Èmi ń wá ní Sátidé, á sì ti rẹ̀ mí. Ọjọ́ Àìkú kan lóṣù, níbi ìpàdé, ni Màmá ń rí ìyàwó Tíṣà. Àwọn méjèèjì a jókòó lẹ́bàá fèrèsé. Màmá a sọ ìtàn bí ewúrẹ́ ṣe jẹ gèlè ìgbéyàwó wọn, ìyàwó Tíṣà a rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí, bẹ́ẹ̀ ó ti gbọ́ ọ tó ìgbà mẹ́wàá. Nígbàkigbà tí a bá ti ibẹ̀ dé, Màmá máa ń ní ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta lẹ́nu tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú ìpàdé tó kàn, mo dé Uselu lọ́sàn-án. Màmá ti múra láti òwúrọ̀, wọ́n ti wé gèlè, báàgì wà lórí itan wọn. Bàbá mi ń fi fóònù gbọ́ ìròyìn Yorùbá láti rédíò ìlú wa. Obìnrin tó ń ka ìròyìn ní, "Ẹ kú ọ̀sán o."

Màmá ní, "Ẹ kú ọ̀sán o. Ilé ńkọ́?"

Wọ́n sì dúró kí obìnrin náà dá àwọn lóhùn. Obìnrin náà ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì. Màmá ṣì tẹ́tí, wọ́n ń retí.

Inú bí mi. Inú bí mi sí bàbá mi, inú bí mi sí Tíṣà, inú bí mi sí àwọn sójà orílẹ̀-èdè mẹ́ta tí wọn kò mọ̀ mí rí. Bàbá mi pa fóònù, ó ń wo ilẹ̀. Mo ní kí Màmá dìde, kí èmi gbé wọn lọ sípàdé. Wọ́n mi orí.

"Níbi tí wọ́n ti bá bàbá yín jà?"

Mo nìkan lọ. Ìpàdé wà ní Ugbowo lọ́jọ́ náà. Mo fi ohùn akọ̀wé ka lẹ́tà bàbá mi: ó ti kúrò nínú ẹgbẹ́ láti òní lọ, òun àti aráalé rẹ̀, láìdúró de ọdún kankan, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Nìjẹ̀ ti ṣe. Alága wa, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì tí ojú kì í kán rárá, bèèrè èrò wa. Tíṣà ti dìde kó tó bèèrè tán.

"Kó máa lọ. Lónìí olónìí. Kí la fẹ́ fi ọdún kan dè é ṣe?"

Àwọn mélòó kan ní òótọ́ ni. Akọ̀wé kì í dá sí ọ̀rọ̀. Mo dá sí i. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, òfin kẹsàn-án," mo sì kà á jáde. Òfin kẹsàn-án sọ pé ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kúrò yóò sọ fún wa ní ọdún kan ṣáájú, òun àti aráalé rẹ̀ yóò sì máa wá sí gbogbo ìpàdé títí ọdún náà yóò fi pé. Láyé àtijọ́, ọkùnrin kan fẹgbẹ́ sílẹ̀ lóṣù tó kàn án láti gba ìpàdé lálejò. Wọ́n ti gbé àga dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀. Òun ni wọ́n ṣe òfin náà nítorí rẹ̀.

Alága yí sí Tíṣà. "Sà, lóṣù tó kọjá, ẹ ní kí Nìjẹ̀ dúró ọdún kan."

"Ti Nìjẹ̀ yàtọ̀."

"Báwo ló ṣe yàtọ̀, sà?"

Ẹ̀kọ́ nípa ìjọba gan-an ni Tíṣà fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ. Ìyàwó rẹ̀ jókòó lẹ́bàá fèrèsé, àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣófo. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Tíṣà wo ìyàwó rẹ̀, ó wo àga náà.

"Òfin ni òfin," ló wí, ó sì jókòó.

Mo gbé ìdáhùn lọ fún bàbá mi ní Uselu. Ó gbọ́ ọ tán, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ta ló kọ irú òfin pálapàla bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

Mo fi ìwé òfin ẹgbẹ́ hàn án. Ó mọ ọwọ́ ara rẹ̀. Mo ń retí kó ya á, torí pé ohun tí àwọn èèyàn rẹ̀ ní Nìjẹ̀ ì bá ṣe nìyẹn. Ó ní sójà ni àwọn yẹn, páàtì mọ́tò ni òun ń tà. Ó ní ohun tí òun bá fọwọ́ ara òun kọ, òun kì í ní òun kò kọ ọ́. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ń lọ, òun yóò sì wá sí ìpàdé méjìlá kí ó lè dá wọn lójú pé òun ń lọ.

Ó wá sí méjèèjìlá. Òun ló máa ń kọ́kọ́ dé, ó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Bí mo bá pe orúkọ rẹ̀, á ní, "Mo wà níbí bí ẹni tó ń lọ," mo sì ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Òun àti Tíṣà kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ tààrà. Nígbà tó kan bàbá mi láti gbà wá lálejò, wọ́n jókòó síbi tí ọwọ́ kan ti lè kan èkejì. Tíṣà ní, "Akọ̀wé, ẹ bá mi sọ fún ọmọ ẹgbẹ́ tó ń lọ pé omi rẹ̀ tutù dáadáa." Bàbá mi ní, "Akọ̀wé, sọ fún un pé kó mu sí i." Mo sọ ọ́ lọ, mo sọ ọ́ bọ̀. Wọn kò sanwó ògbufọ̀ fún mi.

Ṣùgbọ́n lẹ́bàá fèrèsé, ọ̀rọ̀ ń padà. Nígbà tó di oṣù kẹfà, Màmá ti ń pa òwe. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lẹ́yìn, inú mi sì dùn gidigidi. Bí a ṣe ń bọ̀ nílé lọ́jọ́ kan, wọ́n bi mí pé kí ló dé tí bàbá mi àti Tíṣà kì í kí ara wọn mọ́. Mo ní Nìjẹ̀ ló fà á.

"Ta ni Nìjẹ̀?"

Mo ní aládùúgbò kan ni.

"Kí wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́," ni wọ́n wí.

Nígbà tí ọdún ń parí lọ, ìròyìn ní àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́ta náà ti jáde tán, àti pé àwọn yòókù fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí fún wọn. Bàbá mi gbé ohùn fóònù sókè títí ará ilé kejì fi gbọ́. Ẹ̀rù bà mí. Bàbá mi kì í wí kó má ṣe é. Àìsàn tirẹ̀ nìyẹn. N kò sùn dáadáa lọ́sẹ̀ náà.

Ilé Tíṣà ní Ugbor ni ìpàdé kejìlá bọ́ sí. Bàbá mi wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun. Nígbà tí a parí gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù, Alága ní, "Bàbá, ọdún ti pé. Kí lẹ wí?"

Tíṣà gbájú mọ́ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàbá mi dìde, ó tún ọrùn bùbá ṣe.

"Ohun tí mo sọ nípa Nìjẹ̀, orí ẹ̀ ni mo ṣì wà. Wọ́n káre. Kò sẹ́ni tó lè yí mi padà lórí ìyẹn." Ó wo Màmá lẹ́bàá fèrèsé. "Ṣùgbọ́n Nìjẹ̀ ò níyàwó."

Yàrá náà pa rọ́rọ́, ohùn Màmá nìkan ló kù níbẹ̀, wọ́n ń ṣàlàyé fún ìyàwó Tíṣà bí wọ́n ṣe ń se ẹ̀fọ́ tí kò fi ní ṣomi. Màmá rí i pé gbogbo ilé ti dákẹ́, wọ́n rí bàbá mi lórí ìdúró, wọ́n sì na ọwọ́ sí báàgì wọn.

"Bàbá wọn, ṣé a ti ń lọ ni?"

"Rárá," ni bàbá mi wí. "Jókòó. Máa bá ọ̀rọ̀ ẹ lọ."