Ẹ̀rọ Ìránṣọ Tí Wọ́n Ní Olè Ò Jí

Etí mi ṣì ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ ọ̀rẹ́ mi, opó tó ń gbé nínú agbo ilé wa ní Ọ̀rányàn. Ẹ̀rọ yẹn ló fi ń bọ́ ọmọ mẹ́ta. Lọ́sàn-án Jímọ̀ kan, àwọn ọkùnrin lọ kírun, òun náà lọ ra òwú ní Bẹẹrẹ. Kó tó dé, olè ti gbé e. Ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé tí wọ́n ń jà wá lólè, ọ̀sán Jímọ̀ ni gbogbo rẹ̀.

Èmi tíṣà tó rò pé gbogbo ayé ò ju kíláàsì kan lọ, mo kó àwọn obìnrin jọ, mo pín wa sí ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, mo fún kálukú ní fèrè. A búra pé ẹni tọ́wọ́ bá tẹ̀, ọmọ ẹni yòówù kó jẹ́, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ló ń lọ. Ọ̀rẹ́ mi aránṣọ ló kọ́kọ́ búra.

"Tíṣà, bó ṣe ọmọ tí mo bí ni, èmi ni n ó fà á débẹ̀!"

"Ìwọ tó ò lè mú adìẹ," ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀.

Ní Jímọ̀ kẹta, fèrè dún. Ọmọ mọ́gàjí, olórí agbo ilé wa, la ká mọ́ yàrá ẹlòmíràn. Nígbà tí a tú yàrá tirẹ̀, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ la ti bá ẹ̀rọ náà. Mo mú òun àti ẹ̀rọ náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, mo kọ ohun tí mo rí sílẹ̀, mo fọwọ́ sí i. Wọ́n ní ká padà wá lọ́jọ́ Ajé.

Lọ́jọ́ Àìkú, mọ́gàjí ń bẹ̀bẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé pé a kì í torí ẹ̀rọ sọ ọmọ ilé di ẹlẹ́wọ̀n. Òun ló ni yàrá tí aránṣọ ń gbé. Kò yà lọ́dọ̀ mi.

Lọ́jọ́ Ajé, ọlọ́pàá bi aránṣọ bóyá ẹ̀rọ rẹ̀ nìyẹn. Kò wo ojú mi.

"Tèmi ni, ọ̀gá. Èmi ni mo ní kó bá mi gbé e pamọ́. Ọ̀rọ̀ ni ò yé Tíṣà."

Àwọn obìnrin yòókù mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọlọ́pàá rẹ́rìn-ín sí mi. "Màmá, ẹ lọ sinmi nílé o."

Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà; owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Mo ti fi òwe yẹn kọ́ ọmọ ilé ìwé títí ohùn mi fi há. N ò mọ̀ pé èmi ni n ó gbé ọjà náà lérí.

Wọ́n ní kí n gbàgbé. Ṣùgbọ́n ọmọ mọ́gàjí yẹn ni olórí àwọn tó ń ṣọ́ àdúgbò wa báyìí. Bó bá ń kọjá, á dọ̀bálẹ̀ fún mi: "Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá Tíṣà, à ń ṣọ́ yín." Aránṣọ á dáhùn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ pé, "Ọlọ́run á dá ẹ sí, ọmọ mi."

Èmi á dìde, màá wọlé, màá sì fi kọ́kọ́rọ́ tilẹ̀kùn lọ́sàn-án gangan.