Obìnrin Tí Mo Pa Nínú Ìwé Mi

Nígbà tí ìtàn àròsọ mi jáde, mi ò lè jókòó sójú kan mọ́. Ìwé náà nípọn. Ìran mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, láti orí àgbẹ̀ kan tó ń gbin obì ní Agege láyé àtijọ́ títí dórí àwọn àtọmọdọ́mọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ní Oregun. Ìtàn ẹnì kan wọnú ti ẹlòmíràn; ohun tí bàbá bá ṣe níbẹ̀rẹ̀, ọmọ-ọmọ lè máa jìyà rẹ̀ lápá ìparí. Èmi náà, Oregun ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí mo ti ń yẹ ìgò oníke wò kí wọ́n tó kó wọn jáde. Òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí n tó múra iṣẹ́, ni mo fi kọ gbogbo rẹ̀.

Ọ̀gá tó ń bójú tó ẹ̀rọ wa ló kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

“Àǹtí, ẹ mà dà mí lórí rú o! Ta lọmọ ta ni? Ìyàwó mi ní láti kọ orúkọ gbogbo wọn sẹ́yìn kàlẹ́ńdà kó tó yé wa.”

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìgò tó dáa ni mo ń sọ sọ́dọ̀ àwọn tó bàjẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn òǹkàwé kan pè mí sí ilé ìtàwé kan ní Allen. Bàbá kan tó jẹ́ ará Ìjẹ̀bú dìde, ó di ìwé náà mọ́ àyà.

“Ilé wa lẹ kọ síbí yìí. Ta ló sọ fún yín?”

“Bàbá, mo fi orí ara mi ro ó ni, ẹ má bínú.”

“Rárá o,” ni bàbá náà wí, ohùn wọn rọlẹ̀. “Ẹ ti gbọ́ ọ níbì kan.”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, torí pé òótọ́ ni mo gbọ́ ọ̀kan nínú àwọn ìtàn náà. Nínú ìwé mi, obìnrin kan fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ẹbí ọkọ, ó kó jáde. Nígbà tó yá, ó ń padà bọ̀ wá mú ọmọ, àìsàn kọ lù ú lọ́nà, ó kú, wọ́n sì sin ín sẹ́bàá ọ̀nà. Ìyá tó bí ìyá mi ni mo wò kọ ọ́. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún wa nípa rẹ̀ kò ju pé ó lọ, kò sì padà. Mi ò fẹ́ gbà pé ńṣe ni kò wù ú láti padà. Mo bá kúkú pa á.

Ẹni tí mo wá ń retí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ jù ni ìyá mi, wọn ò sì sọ nǹkan kan. Àdúgbò Ọ̀gbà ni wọ́n ń gbé. Ní gbogbo Sátidé tí mo bá lọ kí wọn, ìwé náà máa wà lórí àga, wọ́n á fi ìrépé àǹkárá kan sàmì síbi tí wọ́n kà dé. Wọ́n á bi mí bóyá mo ti jẹun. Èmi á dìde, mà á lọ mu omi láìjẹ́ pé òùngbẹ ń gbẹ mí, mà á lọ dúró lójú fèrèsé, mà á máa wo àwọn kẹ̀kẹ́ tó ń kọjá, mà á tún padà wá jókòó. Bí wọ́n bá wọ ilé ìwẹ̀, mo máa ń sáré ṣí ìwé náà wò.

Nígbà tó di Sátidé kan, mo rí i pé àǹkárá náà ti kọjá ibi ikú obìnrin yẹn. Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́.

“Mọ́mì, ẹ ti kà á kọjá ibẹ̀, ẹ ò sì sọ nǹkan kan.”

Wọ́n bọ́ jígí ojú wọn. “Mo kà á. Mo sunkún pàápàá. Àmọ́ kò kú sọ́nà. Ó padà wá.”

Mo dìde dúró.

“Èmi àti ìyá bàbá mi jọ ń bọ̀ láti ọjà,” wọ́n ní. “Ó dúró lódìkejì rélùwéè ní Agege, ó pọn ọmọ. Ó pe orúkọ mi. Ìyá bàbá mi fà mí lọ́wọ́. Mo ń wẹ̀yìn títí mi ò fi rí i mọ́.”

“Ẹ ò sì sọ fún wa rí?”

“Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí mo kà á pé o sin ín sẹ́bàá ọ̀nà ni inú bí mi. Ọmọ tó pọ̀n yẹn wà láyé. Ẹnì kan ti júwe ilé rẹ̀ fún mi tipẹ́, mi ò kàn lè dá lọ ni. Wọ bàtà rẹ, ká lọ.”

Kẹ̀kẹ́ la wọ̀. Nígbà tá a dé ẹnu géètì ilé náà, èmi ni mò ń lọ tí mò ń bọ̀. Ìyá mi dúró ṣinṣin, wọ́n kanlẹ̀kùn. Ìyá àgbàlagbà kan tó wọ hìjáàbù ló ṣílẹ̀kùn. Ọwọ́ tó fi di ara ilẹ̀kùn mú, bí ọwọ́ ìyá mi gẹ́lẹ́ ló rí.

“Èmi ni ọmọ tí ìyá yín fi sílẹ̀,” ni ìyá mi wí.

Ìyá náà wò wọ́n fún ìgbà pípẹ́, ó wá kúnlẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mà pẹ́ o.”

Ìyá náà mú wa wọ yàrá tí ìyá wọn ti darúgbó, tó sì kú sí. Ìyá mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń fọwọ́ ra aṣọ rẹ̀.

“Ṣé ó máa ń dárúkọ mi?”

“Wọn kì í sọ̀rọ̀ yín; ẹnu àwọn ẹbí ni mo ti gbọ́ nípa yín. Àmọ́ bí wọ́n bá ti ń bínú sí mi báyìí, orúkọ yín ni wọ́n máa ń ṣèèṣì pè mọ́ mi.”

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín, ẹkún sì bá ẹ̀rín náà jáde. Mo bọ́ síta, mò ń rìn káàkiri àgbàlá náà títí wọ́n fi pe ìrun alẹ́. Nígbà tí mo wọlé pé ká máa lọ, àwọn méjèèjì ti ń jẹun nínú abọ́ kan náà.

“Ìwọ máa lọ sílé,” ni ìyá mi wí, wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè. “Ibí ni mò ń sùn.”