Ọjọ́ Tí Ẹ̀rọ Ayétòrò Tì Mí Síta

Láti àárọ̀ ni háàdì dísìkì ẹ̀rọ sáfà wa, kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú fáìlì ilé-ìwé ní Ìlaró, ti ń dún kẹ́kẹ́kẹ́, mo sì mọ̀ pé kò ní pẹ́ dákẹ́. Inú rẹ̀ ni èsì ìdánwò gbogbo àwọn ọmọ ilé-ìwé wa wà, ẹ̀dà kankan kò sì sí níbòmíràn. Àfi kí n yára kó o lọ sórí sáfà kejì, tó wà ní ẹ̀ka wa ní Ayétòrò.

Ètò Linux ni ẹ̀rọ méjèèjì ń lò, SSH, ètò tí èèyàn fi ń wọ ẹ̀rọ láti ọ̀nà jíjìn, ni mo sì fi ń ti Ìlaró wọ ti Ayétòrò. Kọ́kọ́rọ́ mi, fáìlì kékeré tí ẹ̀rọ fi ń dá mi mọ̀, wà nínú fódà kan lọ́hùn-ún. Tí ẹ̀rọ bá ti rí i, á gbà mí wọlé láìbéèrè ọ̀rọ̀ aṣínà. Lọ́jọ́ yẹn, ó ní òun kò gbà. Mo tún gbìyànjú, ó tún lé mi. Ẹ̀rọ tí mo fọwọ́ ara mi tò! Inú bí mi débi pé mo ń bá kọ̀ǹpútà jà bí ẹni ń bá ọlọ́kadà jà.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lọ, kọ́kọ́rọ́ mi kò sì yí padà. A jẹ́ pé Ayétòrò ni ọ̀rọ̀ wà. Ni mo bá pe ẹ̀gbọ́n tó ń bójú tó ẹ̀rọ ibẹ̀, tíṣà àgbà kan tó lawọ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ̀rọ kọ nígbà tó lé mi?"

Ó kà á: fódà tí kọ́kọ́rọ́ mi wà ti ṣí sílẹ̀ jù.

"Ta ló ṣí i, ẹ̀gbọ́n?"

"Èmi mà ni. Àwọn tíṣà tuntun ń ráhùn pé àwọn ò rí fáìlì kó síbẹ̀. Mo wá ṣí gbogbo ẹ̀ fún gbogbo èèyàn lánàá. Ṣé ká máa tìlẹ̀kùn mọ́ ara wa ni?"

Háà! SSH kì í fọkàn tán kọ́kọ́rọ́ tó wà níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kọ nǹkan sí, torí àjèjì lè fi tirẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ṣoore fún gbogbo ayé, èmi nìkan ló tì síta.

Mo ka àṣẹ tó máa ti fódà náà fún un, ó tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Mo tún gbìyànjú, mo wọlé. Ara tù mí pẹ̀sẹ̀. Èsì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, mi ò sì kúrò nídìí rẹ̀. Kò pẹ́ tí èyí tó gbẹ̀yìn débẹ̀ ni dísìkì náà dákẹ́ pátápátá. Mo kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì ọ́fíìsì, mo dúpẹ́, ojú ò tì mí.

Ẹ̀gbọ́n pè mí padà. "Àbúrò mi, ó ti parí? Kí n wá ṣí i padà fún wọn?"

"Rárá o!"

"Kí ni mo máa wá sọ fún wọn?"

Ẹ̀rín ń pa mí, omi sì ń bọ́ lójú mi. "Ẹ sọ fún wọn pé èsì àwọn ọmọ ṣì wà."