Fáànù Alága

Bí mo bá rántí ọjọ́ náà, ojú a máa tì mí bíi pé àná ni. Àwa tá a jọ lọ sílé-ìwé kan ní Òjòwò la gba gbọ̀ngàn yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè láti fi yẹ́ olùkọ́ wa àtijọ́ sí. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀. Òfin gbọ̀ngàn náà kò gba àríyànjiyàn: ẹ ò gbọdọ̀ mú ẹlẹ́rọ ohùn wá láti ìta, tiwọn lẹ máa lò. Ó bí mi nínú. Mo ti bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, wọ́n wá ní kí n lọ bá bọ̀ọ̀dá kan tó wọ sálúbàtà, tó ń fi téèpù lẹ okùn iná mọ́lẹ̀. Mo ti fojú di í kó tó lanu, ẹ jẹ́ kí n má purọ́.

Ọmọ Ibiade ni, kì í pariwo. Ó bi mí pé, "Àǹtí, báwo ni ohùn Bàbá olùkọ́ yín ṣe rí?" Mo ní kò sí ohùn níbẹ̀ mọ́, èémí lásán ló kù. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ó fi maikirofóònù kékeré há ọrùn agbádá Bàbá, ó ní kí wọ́n máa ka ení, èjì, ẹ̀ta. Ó sáré lọ jókòó sórí àga tó gbẹ̀yìn, ó fetí sílẹ̀, ó tún sáré padà wá yí ẹ̀rọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pè mí, ó ní, "Àǹtí, sọ́kẹ́ẹ̀tì tí téèpù pupa bá wà lára rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án." Mo ní mo ti gbọ́. Mo tiẹ̀ pòṣé.

Alága ọjọ́ náà jẹ́ ọ̀gá àgbà ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ń wọ àwọn tó ń gbani síṣẹ́ létí. Èmi sì ní ọmọ tó ń wáṣẹ́. Nígbà tí mo rí i pé òógùn ti bò ó, mo gbé fáànù sẹ́yìn rẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló wà nítòsí. Mo rí téèpù pupa náà, mo rí i kedere. Mo yọ okùn tó wà níbẹ̀, mo ki ti fáànù bọ̀ ọ́.

Alága mí kanlẹ̀, ó ní, "O ṣeun o, akọ̀wé." Inú mi dùn, yéè!

Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni. Ohùn wọn pòórá. Etí wọn kò gbọ́ dáadáa mọ́, wọn ò mọ̀. Wọ́n ń nawọ́, wọ́n ń fi ẹ̀fẹ̀ ara wọn rẹ́rìn-ín, àwa sì ń wo ẹnu wọn. Kí ẹlẹ́rọ tó tọ okùn rẹ̀ dé ẹ̀yìn àga alága, Bàbá ti dúpẹ́, wọ́n ti jókòó.

Ọkùnrin náà wo fáànù, ó wò mí. Mo wolẹ̀. Alága jágbe mọ́ ọn pé, "Lèsí? Ta ló ba nǹkan jẹ́ fún wa?"

Ẹlẹ́rọ náà tẹríba. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Àṣìṣe mi ni."

Ìgbìmọ̀ ní kí akọ̀wé kọ̀wé ẹ̀sùn sáwọn alábòójútó gbọ̀ngàn. Mo kọ ọ́. Mo kọ "àìbìkítà" síbẹ̀, mo sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tá a fi gbọ́ pé wọ́n ti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ tèmi ríṣẹ́. Wọ́n ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ojú ẹlòmíì ni tèmi kó sí.

Ó tó ọdún mẹ́ta kí n tó lè wọkọ̀ lọ sí Ibiade. Mo bá a níwájú ilé, ó ń tún àwọ̀n ẹja ṣe. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, èmi ni mo yọ iná yẹn."

Ó ní, "Mo mọ̀. Ẹ ti dàgbà ju ẹni tí mo lè dójú tì láàárín èrò." Kò ní kí n dìde. Ó so kókó kan, ó tún so òmíràn. Ó wá béèrè pé, "Fáànù yẹn, ṣé ó tilẹ̀ tu alága lára?"

Mo ní, "Ó tù wọ́n lára."

Ó ní, "Ó dáa," ó sì padà sídìí àwọ̀n rẹ̀.