Ìwé Tí Mo Gé Létí

"Tí wọ́n bá ṣí bọ́dà, Ọlájídé, ìwọ ni kí o gbé ìwé yẹn dé Àjàṣẹ́. Má jókòó jẹun níbẹ̀ o. Gba ẹ̀rọ kí o tó fún wọn."

Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi, Akínbọ̀wálé, sọ fún mi kẹ́yìn nìyẹn. Ibà ló ń ṣe é. Mo lọ pọn omi. Kí n tó dé, ó ti lọ.

Ìwé ni ẹ̀gbọ́n mi ń dì ní Ìlaròó, lọ́nà Pólì. Pùrójẹ́ẹ̀tì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù. Ọbẹ ló fi ń gé etí wọn. Bí ọwọ́ bá rẹ̀ ẹ́, etí ìwé á wọ́. Ọmọ Pólì kan tó ń jẹ́ Purity gbé tirẹ̀ sókè lọ́jọ́ kan.

"Bọ̀ọ̀dá Akin, ṣé ọbẹ lẹ fi gé eléyìí àbí eyín?"

"Eyín ni. Eyín ìyá àgbà."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n lọ, ó jókòó, ó ń fi òróró ra ọwọ́.

Ìwé tó ní kí n gbé lọ, ìtàn kan ni tó ń fi àwọn ọ̀gá ìjọba ṣe yẹ̀yẹ́. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, níbi tó ti kọ́ṣẹ́. Ara àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ni tirẹ̀. Á máa kà á, á máa dá rẹ́rìn-ín. Èmi, ìwé mẹ́rin ni mo kà tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀. Bí mo bá bi í pé kí ló pa á lẹ́rìn-ín, á ní, "Jẹ́ kí n kà á tán ná." Kò kà á tán rí.

Bàbá Bàrúwà ní Àjàṣẹ́, lódìkejì bọ́dà, ń kó irú ìwé bẹ́ẹ̀ jọ. Ó ní òun á fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé ìwé pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí fóònù. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ìjọba ti bọ́dà. Ẹ̀gbọ́n mi lọ sí Ìdí-Ìrókò lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní ẹrù kankan ò gbọdọ̀ wọlé. Á dé, á ní, "Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ṣí i." Oṣù mẹ́rìnlá ló fi ń sọ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo gbé ìwé náà wò. Èèpo rẹ̀ ti ya: àwòrán ọkùnrin oníkùn ńlá kan tó jókòó lórí àpò ìrẹsì. Aáyán ti jẹ ẹ́ létí. Mo ní, ṣé irú èyí ló yẹ kó ti ilé adìwé jáde? Wọ́n á ní ẹ̀gbọ́n mi ò mọṣẹ́. Mo bó èèpo yẹn. Mo gé etí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n gún régé. Mo fi awọ pupa dì í, mo fi lẹ́tà wúrà lu orúkọ ẹ̀gbọ́n mi sí ẹ̀yìn. N ò di ìwé tó dáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo kó àjákù rẹ̀ mọ́ pàǹtí, mo sun ún.

Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Bàbá Bàrúwà, kó lè mọ̀ pé bí ẹ̀gbọ́n mi tilẹ̀ ti kú, àdéhùn ṣì wà. Kò pẹ́ tó fi pè.

"Ọmọ mi, èyí rẹwà. Ìwé tèmi dà?"

"Òun náà nìyẹn, Bàbá."

"Èèpo aláwòrán ńkọ́?"

"Mo ti sun ún, sà. Aáyán ti jẹ ẹ́."

"Yéè! Ta ló rán ẹ níṣẹ́?"

Ó ní ọ̀gá ìjọba kan ló bínú sí àwòrán yẹn láyé ọjọ́un, wọ́n sì yọ ọ́ nígbà tí wọ́n tún ìwé náà tẹ̀. Èèpo yẹn ni òun ń wá, pẹ̀lú etí tí ẹnì kan ò tún gé.

"Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, mo ti ní in nílé. Wọn ìbáà ṣí bọ́dà lọ́la, ẹ̀rọ mi ò kúrò níbí mọ́. Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n ẹ."

Inú bí mi. Kì í ṣe sí bàbá yẹn. Sí ẹ̀gbọ́n mi ni. Ọdún mẹ́fà ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń rán ìwé, bí wọ́n ṣe ń na awọ. Kò sọ fún mi pé ìwé kan wà tí wọn kì í tún dì. Kí ló ná an láti sọ ọ́?

Mo ṣí ìwé náà. Mo fi ìka tọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìlà mẹ́ta ni mo kà. N ò rí ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Pùrójẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá wà nílẹ̀. Mo gbé omi kaná. Mo da sítáàṣì tí a fi ń lẹ ìwé sí i, mo ń fi igi rú u kó má baà ní kókó.