Àga Tí Màmá Àgbà Kò Lè Dìde Lórí Rẹ̀

Nígbà tí mo ń kọ́ dìsáìnì ní Ògbómọ̀ṣọ́, olùkọ́ wa obìnrin ní kí olúkúlùkù wa ní ìwé kan tí a ó máa kọ ìrìn iṣẹ́ wa sí: ohun tí a rò, ohun tí a ṣe, ohun tó bàjẹ́ àti ìdí tó fi bàjẹ́. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń gbà á kà. Àwòrán tó rẹwà ló kún inú tèmi. Mo fẹ́ràn kí wọ́n máa yìn mí.

Wọ́n ní kí a ṣe àga fún ẹnì kan tí a mọ̀. Mo mú ìyá tó bí ìyá mi, tí wọ́n ń gbé pẹ̀lú wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní ìlú Ọ̀yọ́. Káfíńtà kan nítòsí Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́ bá mi gé pákó, mo sì fọwọ́ ara mi fá a títí ó fi dán. Àga náà rẹlẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ fì sẹ́yìn, bí èyí tí mo máa ń rí lórí fóònù. Ọjọ́ tí ẹgbẹ́ ìyá ìjọ ń ṣèpàdé nílé wa ni mo gbé e dé Ọ̀yọ́, kí wọ́n lè rí i.

Màmá àgbà jókòó. Àwọn ìyá pàtẹ́wọ́, wọ́n ń pè mí ní ẹnjiníà. Nígbà tí àdúrà tó, tí gbogbo ilé dìde, màmá àgbà kò lè dìde. Ìyá méjì di apá wọn mú láti fà wọ́n sókè, ni ìró màmá àgbà bá tú, ó ku yẹ̀rì nìkan, níwájú alàgbà tó wá darí àdúrà.

"Kò sí nǹkan kan, ọmọ mi," ni màmá àgbà wí bí wọ́n ti ń ró ìró padà. Wọn ò wojú mi. Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu.

Nígbà tí olùkọ́ ṣí ìwé mi lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní, "Ṣebí o ti gbé àga délé? Kí ló dé tí ibí yìí fi ṣófo?"

"Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, mà."

"Kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀."

Mo kọ ọ́. Ibi tí mo ti ń kọ ọ́ ni mo ti rí i pé n kò fìgbà kan wo bí màmá àgbà ṣe ń dìde. Èmi fúnra mi ni mo ń jókòó lórí àga náà láti fi dán an wò. Lọ́jọ́ tí mo kà á ní kíláàsì, ẹnì kan rẹ́rìn-ín, àwọn yòókù tẹjú mọ́ tábìlì wọn. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo padà sí Ọ̀yọ́. Mo wo bí màmá àgbà ṣe ń fọwọ́ ti orúnkún kí wọ́n tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo bi wọ́n ní ìbéèrè, wọ́n dáhùn ní ṣókí. Àga kejì ga, apá rẹ̀ sì nà síwájú. Wọ́n jókòó, wọ́n dìde fúnra wọn.

"Eléyìí dáa," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n inú yàrá mi ni kí o gbé e sí."

Títí di òní, wọn kò jókòó lórí rẹ̀ níṣojú àlejò. Olùkọ́ fún mi ní máàkì tó pọ̀ lórí ohun tí mo kọ sínú ìwé náà. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé.